Láìnì tí mo rí lọ́jọ́ kejì ti pòórá lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i

ÌrètíMi:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. IVF ni a ṣe, wọ́n po ẹyin mi mọ́ àtọ̀ ọkọ mi níta ara. Ọjọ́ karùn-ún rè é tí wọ́n gbé embryo, ìyẹn ọlẹ̀ tó ti ibẹ̀ jáde, sínú ilé ọmọ mi, ọ̀kan ṣoṣo ni, ọlọ́jọ́ 5. Wọn ò dì í pamọ́ sínú òtútù rárá, ọjọ́ 5 lẹ́yìn tí wọ́n kó ẹyin ni wọ́n gbé e wọlé. Ilé ìwòsàn ní kí n má fọwọ́ kan tẹ́ẹ̀sì oyún kankan títí di ọjọ́ 11, pé àwọn máa gba ẹ̀jẹ̀ lára mi lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́, mo tiẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni ma. Àmọ́ ọkàn ò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì péré mo ti wà nílé ìwẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, mo tọ̀ sí i, mo gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé, mò ń yí i sọ́tùn-ún mò ń yí i sósì, ni mo bá rí láìnì kejì tó ń fi hàn pé oyún wà. Ó fẹ́lẹ́ o, àmọ́ mo rí i. Mo jí ọkọ mi, òun náà rí i. A ò lè sọ̀rọ̀, a kàn jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, a di ọwọ́ ara wa mú.

Lọ́jọ́ kẹta mo tún ṣe é, ó ti fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo ní bóyá omi tí mo mu ló pọ̀. Láàárọ̀ yìí, kò sí nǹkan kan. Funfun báláú. Mo fi ọ̀bẹ ṣí ike tẹ́ẹ̀sì náà kí n lè yọ bébà inú ẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ náà.

Ọdún kẹrin rè é tí a ti ń wá a, túùbù mi méjèèjì tí ẹyin ń gbà lọ sílé ọmọ ló dí. Ojú abẹ́rẹ́ ṣì dúdú níkùn mi. Ẹyin 9 ni wọ́n kó, 7 ló gbó, 5 ló gba àtọ̀, 2 ló dé ọjọ́ karùn-ún. Ọ̀kan ló wà nínú mi yìí, ọ̀kan tó kù ni wọ́n dì pamọ́. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé ṣé ó kọ́kọ́ dúró ni, lẹ́yìn náà ló wá bọ́? Mo gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kẹta, àtẹ̀gùn gígùn. Ọkọ mi ò tíì mọ̀ nípa ti òní.

Ẹ̀gbọ́n_Alábẹ́rẹ́:
Àbúrò mi, kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná.

Ṣé o rántí abẹ́rẹ́ tó kẹ́yìn kí wọ́n tó kó ẹyin, èyí tí wọ́n ní aago báyìí gan-an lóru lo gbọ́dọ̀ gún un, kò gbọdọ̀ yẹ̀, tí wọ́n á wá kó ẹyin ní bíi wákàtí 36 sí i? Èyí tó pọ̀ nínú wọn, hòmónù kan tó ń jẹ́ hCG ló wà nínú ẹ̀. hCG yìí kan náà ni ọlẹ̀ máa ń tú jáde tó bá ti wọ ara ilé ọmọ, òun náà ni tẹ́ẹ̀sì ń wá nínú ìtọ̀. Tẹ́ẹ̀sì ò mọ ẹni tó tú u jáde. Ó lè wà lára tó ọjọ́ 10, ti ẹlòmíì a tó 14. Wá kà á báyìí: ọjọ́ tí wọ́n gbé embryo sínú ẹ ti tó ọjọ́ 7 sí abẹ́rẹ́ yẹn, ọjọ́ tí o rí láìnì ti tó bíi ọjọ́ 9. Abẹ́rẹ́ lo rí. Lónìí ló tán lára ẹ. Kò sẹ́ni tó wá tó tún padà lọ.

Ọlẹ̀ ọlọ́jọ́ 5, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń bọ́ èèpo ara ẹ̀ kúrò ni kó tó máa wọ ògiri ilé ọmọ díẹ̀díẹ̀. hCG tiẹ̀ ṣì kéré débi pé bó bá tiẹ̀ ti dúró, ìtọ̀ lè má tíì mọ̀. Nítorí náà òní ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti ṣe é. Ti àkọ́kọ́ mi, mo sunkún fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí abẹ́rẹ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta:
Àyà mi já nígbà tí mo ka ti bébà inú tẹ́ẹ̀sì yẹn, torí èmi náà ti ṣe é rí, àṣírí ńlá ni o, mi ò sọ fẹ́nì kankan. Ìgbà kẹta mi rè é. Embryo tí wọ́n dì ni tèmi, ọjọ́ keje mi lòní, mo fi ọjọ́ méjì ṣíwájú ẹ. Mo ti kó gbogbo tẹ́ẹ̀sì tó wà nílé fún àbúrò mi obìnrin pé kó gbé wọn lọ sílé ẹ̀, kó má sì dá mi lóhùn tí mo bá pè é lórí wọn. Jẹ́ ká jọ dúró.

ÌrètíMi:
Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Abẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, àbí wọ́n sọ ọ́ tí mi ò gbọ́, torí lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣàlàyé ìyẹn nọ́ńbà ẹyin nìkan ló wà lórí mi. Ó dùn mí pé mo jí ọkọ mi sí i.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ ni, ká jọ dúró.

Nọ́ọ̀sì_Òru:
Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń ṣe IVF ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ mi rọ́pò ti dókítà yín, àwọn ló ní fáìlì yín lọ́wọ́.

Ohun àkọ́kọ́, bí tẹ́ẹ̀sì ilé bá funfun, tàbí kẹ́ ẹ rí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ẹ má dá progesterone dúró o, oògùn tó ń mú inú ilé ọmọ dúró de ọlẹ̀! Mo ti rí ẹni tó dá a dúró lọ́jọ́ 8 torí pé ó rí ẹ̀jẹ̀ tó dà bí ilẹ̀ pupa, ó ní nǹkan oṣù òun ti dé, ó sunkún títí, ọjọ́ kejì ló tó pè wá. Èyí tí wọ́n ń fi sí ojú ara yẹn lè ha ibẹ̀ kó ṣẹ̀jẹ̀, ọlẹ̀ tó ń wọ ara ilé ọmọ náà lè mú un wá, ó sì lè má jẹ́ nǹkan kan. Ẹ máa lò ó títí ilé ìwòsàn fi máa ní kẹ́ ẹ dúró.

Èkejì, ọmú tó ń ro yín, oorun àsùnjí, ikùn tó le, inú tó ń bí yín láìnídìí, progesterone ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹni tó ti lóyún ń ní in, ẹni tí kò lóyún ń ní in. Ẹni tí kò ní rárá náà ń lóyún. Torí náà ẹ má jókòó máa tẹ ọmú yín wò ní gbogbo wákàtí, kò mọ nǹkan kan.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ lóòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá kó ẹyin ni kí ikùn máa wú sí i lójoojúmọ́, èébì, kí mímí ṣòro, kí ìtọ̀ máa dín kù. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bi léèrè níbí, ilé ìwòsàn lẹ máa pè lójú ẹsẹ̀, òru tàbí ọ̀sán.

ÌrètíMi:
Ẹ ṣé gan-an nọ́ọ̀sì. Àtẹ̀gùn tí mo gùn ńkọ́ ma? Ìyá ọkọ mi ní ọ̀sẹ̀ méjì ni kí n fi sùn gbalaja, kí n gbé ẹsẹ̀ sókè.

Nọ́ọ̀sì_Òru:
Rárá o. Wọ́n ti fi wé ara wọn, àwọn tó sùn kalẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gbé e wọlé àti àwọn tó dìde lọ sílé, àsùnkalẹ̀ ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ilé ọmọ kì í ṣe àpò tó ṣófo, ògiri iwájú àti ti ẹ̀yìn lẹ̀ mọ́ra bí ojú ewé méjì nínú ìwé tí a pa dé, ọlẹ̀ wà láàárín wọn. Kò lè já bọ́. Ẹ rìn, ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ tọ̀, ẹ wúkọ́, ẹ sín. Ẹrù tó wúwo àti eré ìdárayá tó le lẹ máa sún síwájú, torí ibi tí wọ́n ti kó ẹyin ṣì wú.

BàbáTóDúró:
Ẹ má bínú pé ọkùnrin dá sí i. ÌrètíMi, sọ fún ọkọ ẹ lónìí.

Èmi ni mo níṣòro nílé wa. Àtọ̀ mi kéré, èyí tó wà níbẹ̀ ò lè rìn dáadáa. Ọdún méjì ni ìyàwó mi fi ń lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì kí n tó gbà láti ṣe ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ nínú ìdajì àwọn tó ń wá ọmọ ni ọwọ́ ọkùnrin ti máa ń wà níbẹ̀, òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú ti obìnrin. Nígbà tí dókítà sọ nọ́ńbà náà fún mi, mi ò lè wojú ìyàwó mi nínú mọ́tò. ICSI ni wọ́n ṣe fún wa, wọ́n á mú àtọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ tíńtín gún un sínú ẹyin. Ọwọ́ àwọn dókítà ní Brussels ni wọ́n ti kọ́kọ́ bí ọmọ tí wọ́n ṣe lọ́nà yẹn, 1992. Kó tó di 1992 ì bá ṣòro gan kí ọkùnrin bíi tèmi rí ọmọ tó jẹ́ tiẹ̀. Mo fi sìgá sílẹ̀, mo gbé láptọ́ọ̀pù kúrò lórí itan, mo fi oṣù mẹ́ta gbáko dúró torí pé àtọ̀ tí èèyàn ń rí lónìí, bíi oṣù méjì àbọ̀ sẹ́yìn ni ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ohun tí mo wá sọ ni pé ní àwọn ọjọ́ ìdúró yẹn, ìyàwó mi rí ẹ̀jẹ̀, kò sọ fún mi fún ọjọ́ méjì torí kò fẹ́ kí n banú jẹ́. Mo mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ọjọ́ méjì yẹn ló le jù fún wa nínú gbogbo ẹ̀, ó le ju abẹ́rẹ́ lọ.

ÌrètíMi:
Mo ti sọ fún un. Ó ní òun ti rí ike tí mo tú palẹ̀ nínú ìdọ̀tí láti àárọ̀, òun ń dúró kí n sọ ọ́ fúnra mi.

AyẹraWòLójoojúmọ́:
Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀ o, ẹ má bínú. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti máa ń ṣe tẹ́ẹ̀sì, lójoojúmọ́, mo mọ̀ pé abẹ́rẹ́ ni mò ń wò, mò ń wò ó títí á fi lọ tán pátápátá, tó bá wá padà yọ mo mọ̀ pé kì í ṣe abẹ́rẹ́ mọ́. Ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju kí n jókòó máa ro nǹkan lọ. Ìdúró láìmọ nǹkan kan, èmi ò lè ṣe é, ó máa pa mí ni.

Ẹ̀gbọ́n_Alábẹ́rẹ́:
Mi ò ní bá ẹ jà, ó yé mi. Ìwọ mọ ohun tí o ń wò kí o tó wò ó. Ẹni tí kò mọ̀ ni ó ń pa lára, torí ó máa ṣàjọyọ̀ lórí abẹ́rẹ́, ó sì tún máa ṣọ̀fọ̀ lórí abẹ́rẹ́, nígbà tí ohun tó ń dúró dè ò tíì sọ̀rọ̀ rárá. Èmi tiẹ̀ gbà pé kí ẹni tó bá máa ṣe é dúró títí di ọjọ́ 9 ó kéré tán. Ẹ̀jẹ̀ ló sì máa sọ ojúlówó.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta:
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ kọ ọ́ síbí kí n tó kọ ọ́ síbòmíì.

Kò dúró. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ní àwọn máa pè mí lẹ́yìn aago méjì. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni fóònù dún. Obìnrin náà pe orúkọ mi, ó wá dákẹ́ díẹ̀, mo ti mọ̀ látinú dídákẹ́ yẹn. hCG ò tó 1. Ó ní kí n dá oògùn dúró, nǹkan oṣù máa dé láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo ní ẹ ṣé ma. Èmi ni mo dúpẹ́!

Progesterone mẹ́sàn-án ló kù nínú dúrọ́ọ̀. Mo kà wọ́n. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń kà wọ́n, mo ti kà wọ́n tó ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

ÌrètíMi, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù, tìẹ yàtọ̀ sí tèmi.

ÌrètíMi:
Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo ń sunkún níbí. Mo bá ẹ kẹ́dùn, tọkàntọkàn.

Ẹ̀gbọ́n_Alábẹ́rẹ́:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ ìyá mi. Pẹ̀lẹ́. Sunkún ẹ dáadáa, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé ṣebí kò tíì di oyún. O ti mọ̀ ọ́n fún ọjọ́ 11. O rí i lórí ẹ̀rọ nígbà tó wọlé, ohun funfun kékeré yẹn. Mi ò ní gbà ẹ́ nímọ̀ràn lónìí.

Nọ́ọ̀sì_Òru:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: ìdí tó wọ́pọ̀ jù tí ọlẹ̀ kì í fi í dúró, inú ọlẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ti máa ń wá, krómósóòmù, okùn tó gbé àbùdá èèyàn, tó dín tàbí tó lé, a ò sì lè fi ojú rí i lábẹ́ maikirosíkóòpù, ó lè rẹwà títí kó má sì pé nínú. Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ gbé. Kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ rò lọ́kàn.

ÌrètíMi:
Ọjọ́ 11 mi lòní. Láti ìgbà tí èsì ti dé ni mo ti ń kọ ọ́ síbí, tí mo ń pa á rẹ́, tí mo tún ń kọ ọ́, torí ẹnì kan.

hCG mi, 118 ni wọ́n ní. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn wákàtí 48 kí wọ́n rí i bóyá ó ń pọ̀ sí i. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí pé inú mi dùn.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta:
Ìwọ yìí! Má pa nǹkan kan rẹ́ nítorí mi mọ́. Mo ka 118, mo pariwo nínú yàrá, lẹ́yìn náà ni mo sunkún, méjèèjì jọ wà nínú mi, ìkankan ò lé ìkejì jáde. Mo lè má wá síbí fún ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe pé mo ń bínú o.

ÌrètíMi:
251. Ó ti lé ní ìlọ́po méjì. Wọ́n ní mo ti wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọlẹ̀ gan ò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti ọjọ́ tí ẹyin àti àtọ̀ ti pàdé, ìṣirò wọn yẹn kọ́kọ́ rú mi lójú.

Nọ́ọ̀sì_Òru:
Ẹ kú oríire o. Ó dáa bó ṣe ń lọ. Síkáànì ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkeje ló kàn, ẹ má fò ó o, torí túùbù yín tó ti dí tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ilé ọmọ lóòótọ́, àmọ́ ọlẹ̀ lè rìn lọ dúró sínú túùbù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ìrora bá mú yín lápá kan ikùn, tàbí léjìká, tàbí òòyì ń kọ́ yín, ẹ má dúró de ọjọ́ síkáànì, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Alábẹ́rẹ́:
Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé o lè máa kà láìkọ nǹkan. Ìmọ̀ràn tí mo fi pamọ́ lọ́jọ́ yẹn rè é. Nígbà tó o bá padà lọ rí dókítà, má jẹ́ kó jẹ́ "ká tún gbìyànjú" lásán. Bi í bóyá wọ́n ti fi kámẹ́rà wo inú ilé ọmọ ẹ rí, bóyá ẹran kékeré kan hù níbẹ̀. Bi í bí inú ilé ọmọ ṣe nípọn tó lọ́jọ́ náà. Bi í nípa túùbù, bóyá omi wà nínú ẹ̀. Tèmi, lẹ́yìn ìgbà kejì tí kò dúró ni dókítà mìíràn rí i pé túùbù òsì mi kún fún omi, omi yẹn ń ṣàn padà sínú ilé ọmọ, ó sì máa ń dín àǹfààní IVF kù tó bíi ìdajì. Wọ́n gé túùbù náà kúrò. Ìgbà kẹta dúró, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà báyìí.

Ohun kan tún wà tí mo máa ń rántí. Louise Brown, ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé, tí wọ́n bí ní Oldham ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1978, ẹyin kan ṣoṣo ni wọ́n rí lára ìyá ẹ̀, wọn ò fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹyin pọ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ìyá náà ti ń wá ọmọ. Kó tó kan òun, àìmọye obìnrin ló ti yọ̀ǹda ara wọn fún àwọn dókítà yẹn tí kò bọ́ sí i, oyún tí wọ́n kọ́kọ́ rí sì tún lọ dúró sínú túùbù. Orúkọ àwọn obìnrin yẹn ò sí nínú ìwé ìròyìn. Mo máa ń ro tiwọn gan ju ti Louise lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta:
Mò ń kà á, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ àwọn ìbéèrè yẹn sínú fóònù mi.

ÌrètíMi:
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ọjọ́ márùn-ún. A lọ síkáànì láàárọ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, obìnrin tó ń wò ó, mo di ọwọ́ ọkọ mi mú débi pé òrùka ẹ̀ há mi níka. Ó wá yí ojú ẹ̀rọ síwa. Nǹkan kékeré kan ń ṣẹ́jú láàárín òkùnkùn, kíákíá, kíákíá. Inú ilé ọmọ ló wà. Ibi tó yẹ kó wà gan-an ló wà.

BàbáTóDúró:
Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó bàjẹ́ o. Mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ́ pé tèmi ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta:
Ìyá ọmọ! Inú mi dùn, lọ́tẹ̀ yìí ìdùnnú náà nìkan ni.

Mo bi dókítà ní gbogbo ìbéèrè ẹ̀gbọ́n. Kò sí omi nínú túùbù, àmọ́ wọ́n fi kámẹ́rà wo inú, wọ́n rí ẹran kékeré kan, wọ́n ti yọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ estrogen lónìí, oògùn tó ń mú inú ilé ọmọ nípọn, ní bíi ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á wo bí inú ilé ọmọ ṣe nípọn, tó bá tó wọ́n á bẹ̀rẹ̀ progesterone, ọjọ́ kẹfà ẹ̀ ni wọ́n máa gbé ọ̀kan wọlé. Méjì ló kù tí wọ́n dì pamọ́. Ẹ̀rù ń bà mí o.

ÌrètíMi:
Kọ ọjọ́ náà síbí tí wọ́n bá ti fún ẹ. Kí o sì tún kó gbogbo tẹ́ẹ̀sì tó bá wà nílé fún àbúrò ẹ lónìí, má dúró dìgbà yẹn. Èmi ni màá máa bi ẹ́ láràárọ̀ bóyá wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.